Bàlúù tó ń fín oko ń fò kọjá lórí òrùlé wa: kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Rosharon, ní gúúsù Houston, la kó wá ní ìparí ọdún tó kọjá, sí ẹ́sítéètì tuntun kan tí ẹ̀yìn ọgbà wa kángun sí oko ìrẹsì. Nígbà tí a ń ra ilé, wọ́n ní àdúgbò náà parọ́rọ́, kò sí ariwo. Láti oṣù kẹta ni bàlúù aláwọ̀ yẹ́lò kan ti ń wá láàárọ̀ kùtù, tí yóò sọ̀kalẹ̀ débi pé mo ń rí àṣíborí awakọ̀ rẹ̀ láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yí ilé wa po lẹ́ẹ̀mẹta, ó tu èéfín funfun, ẹ̀yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fín nǹkan. Àwọn ìbejì mi ń wúkọ́ láti ọjọ́ náà, ewé tòmátò mi sì ti ká kò. Àbúrò mi tó wà ní London ní òfin kò fàyè gba irú rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Aládùúgbò wa kan ní kí a máa tan iná lésà sí i lójú, ọkọ mi sì fẹ́ rán dúróònù lọ bá a lókè kó lè ya fọ́tò rẹ̀. Ṣé ohun tí bàlúù yìí ń ṣe bófin mu? Ṣé májèlé ló ń dà lé wa lórí? Kí la lè ṣe? Èmi Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Iṣẹ́ àtúnṣe bàlúù ni mo kọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe é ní pápá kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Houston, níbi tí kò sí bàlúù mìíràn àfi èyí tí ń fín oko, ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni mo sì ti dúró ti àwọn tó ń po oògùn bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ sínú rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń wá: mo mọ bàlúù náà, mo mọ ohun tó ń gbé, mo sì mọ òfin tó dè é dé ìwọ̀n àyè kan, ṣùgbọ́n n kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe lọ́yà. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ kọ sílẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe ka ìwé yín, ohun kan ṣoṣo ló wà nídìí ẹ̀rù tó ń bà yín, ìyẹn ni pé bàlúù náà sún mọ́ ilẹ̀ jù. Mo fẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi kí n tó máa tú u palẹ̀: ẹ gbójú kúrò lára gíga bàlúù, kí ẹ máa wo afẹ́fẹ́.

Ohun tó ń dà sílẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe àwọn èèyàn pọ̀ sí jù. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń bọ́ lára bàlúù oko ni oògùn. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn lẹ́yìn ọgbà yín, omi sì máa ń bo oko ìrẹsì ní Texas fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, débi pé katakata tó bá wọ ibẹ̀ á rì. Bàlúù ló wá gba iṣẹ́ katakata ṣe. Èyí tí ẹ rí ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irúgbìn ìrẹsì gan-an ló ń fọ́n. Èyí tó wá ní oṣù karùn-ún lè jẹ́ ajílẹ̀, àwọn hóró funfun wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní yúríà, tí wọ́n máa ń fọ́n kété kí wọ́n tó jẹ́ kí omi bo oko. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá ṣèèṣì bọ́ sórí ọkọ̀ yín, ẹ ó gbọ́ ọ bí ìgbà tí ẹnì kan bá da iyanrìn sórí páànù. Láàárín ìgbà kan náà ni oògùn koríko máa ń wọlé. Nígbà tó bá wá di oṣù kẹfà sí oṣù keje tí ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí, oògùn kòkòrò ni wọ́n sábà máa ń gbé wá, nítorí kòkòrò elóòórùn kan tó máa ń fa omi inú hóró ìrẹsì nígbà tó ṣì rọ̀ bíi wàrà. Àgbẹ̀ tí kò bá fín in lásìkò á kórè hóró tó ní àpá dúdú lára, owó tí wọ́n máa san fún un á sì wálẹ̀. Bí oko òwú bá tún wà nítòsí yín, ẹ ó gbọ́ òórùn kan nígbà tí ìkórè rẹ̀ bá kù díẹ̀, tó dà bí ẹyin tó ti dìbàjẹ́. Oògùn tí ń gbọn ewé òwú sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ká a ni, òórùn rẹ̀ sì máa ń rìn jìnnà ju ibi tí oògùn náà fúnra rẹ̀ dé lọ. Mo ti rí bàbá kan tó pe ọlọ́pàá lórí òórùn yìí, tó ní gáàsì ló ń jò ládùúgbò.

Èéfín funfun tí ẹ rí kì í ṣe oògùn rárá. Bọ́tìnnì kan wà níwájú awakọ̀ tó máa ń ta òróró díẹ̀ sínú èéfín gbígbóná tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, kó lè di funfun, kí awakọ̀ fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ dorí kọ àti bó ṣe le tó. Nítorí náà, èéfín yẹn ń bá ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀. Bó bá ń lọ sínú oko, tó ń jìnnà sí ọgbà yín, ohun tó máa fín á gba ọ̀nà ibẹ̀. Bó bá ń rọra bọ̀ sọ́dọ̀ yín, tí awakọ̀ rí i bẹ́ẹ̀, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ létí ọgbà yín, ẹ wo aago yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Yíyí tó yí ilé yín po náà ní ìdí tirẹ̀. Wáyà iná wà lára ohun tó ń pa àwọn awakọ̀ wọ̀nyí jù, nítorí bí èèyàn bá ń sáré ní máìlì 140 ní wákàtí kan, wáyà kì í hàn títí tó fi máa pẹ́ jù. Kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ sí oko kan, wọ́n á yí i po láti wo wáyà, òpó, igi, ẹran ọ̀sìn, ilé àti ènìyàn. Ẹni tó yí ilé yín po lẹ́ẹ̀mẹta ń kà yín mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ yẹra fún ni. Ó yé mi pé kò jọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó dúró sí ilé ìdáná.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ju bí àwa tó ń gbé ìlú ńlá ṣe rò lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1921, nítòsí ìlú Troy ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ John Macready ti fi bàlúù kékeré fọ́n ìyẹ̀fun olóró sórí igi láti pa kòkòrò tó ń jẹ ewé rẹ̀. Delta tí púpọ̀ nínú wa ń wọ̀ láti Atlanta lọ sí Èkó, ilé-iṣẹ́ tí ń fọ́n oògùn sí oko òwú ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Georgia ní àárín àwọn ọdún 1920, Huff Daland Dusters lorúkọ rẹ̀ nígbà náà. Bàlúù aláwọ̀ yẹ́lò tiyín, bí mo bá máa méfò, Air Tractor ni, tí wọ́n ń ṣe níhìn-ín ní Texas, ní ìlú Olney. Irú èyí tí mo tún ṣe jù, gálọ́ọ̀nù 500 ni àgbá rẹ̀ ń gbà, iwájú awakọ̀ gan-an ni àgbá náà sì wà, láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá ń rọ oògùn sí i, ẹ́ńjìnnì kì í kú; ẹni tó ń rọ ọ́ á fi ẹ̀yìn sí ìjì abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, á ki ẹnu rọ́bà bọ ojú ihò rẹ̀, kó tó di ìṣẹ́jú mélòó kan bàlúù ti tún gbéra. Ìdí nìyẹn tó fi ń jọ yín lójú pé kì í sinmi.

Ó wá kan bó ṣe ń fò sún mọ́ ilẹ̀. Tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 12 lókè ohun ọ̀gbìn ló ń fò, èyí kò tó gíga ṣóńṣó òrùlé ilé alájà kan. Àwọn ẹnu ìfín rẹ̀ tò sórí pàìpù gígùn lábẹ́ apá rẹ̀, bí ohun tó ń jáde níbẹ̀ bá sì ṣe bọ́ láti òkè tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe máa ráyè gbé e tó. Bí mo bá rí bàlúù tó ń fín láti ẹsẹ̀ bàtà 40, èmi ni n ó kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ wọlé. Ariwo àti ìbẹ̀rù tí ẹ̀ ń jẹ nítorí pé ó sún mọ́ ilẹ̀, òun náà ló ń dín ohun tó lè dé ara yín kù, kò sì sí bí a ṣe lè ní ọ̀kan ká má ní ìkejì. Nígbà tó bá dé etí oko, á pa ìfín, á gòkè, á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì yí padà wá. Ìgbà yẹn ló máa ń gba orí òrùlé yín kọjá. Kò gbọ́dọ̀ sí ohun kan tó ń jáde lára rẹ̀ lásìkò yẹn. Bí ẹ bá rí i tí ó ń kán tàbí tí ó ń fín nígbà tó wà lórí ilé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà iṣẹ́ mọ́.

Ní ti òfin, àjọ FAA tó ń mójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà sọ pé bàlúù gbogbo kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ènìyàn tàbí ilé ju ẹsẹ̀ bàtà 500 lọ níbi tí ilé kò pọ̀ sí, àti pé níbi tí ilé pọ̀ sí, ó gbọ́dọ̀ ga ju ohun tó ga jù níbẹ̀ lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Àmọ́ orí 137 nínú òfin náà yọ bàlúù oko sílẹ̀: tó bá wà lẹ́nu fífín gan-an, títí kan bó ṣe ń wọ oko, bó ṣe ń jáde àti bó ṣe ń yí padà, ó lè sọ̀kalẹ̀ ju 500 lọ, ó sì lè sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí kò bá ti fi ènìyàn tàbí dúkìá tó wà nílẹ̀ sínú ewu. Ìyọ̀ǹda yìí kò kan ìrìn láti pápá wá sí oko. Bàlúù tó ń bọ̀ láti pápá rẹ̀ tó jìn ní máìlì mẹ́wàá, tó wá ń gba òpópónà ẹ́sítéètì yín kọjá ní ẹsẹ̀ bàtà 100 nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ yá, ti jáde kúrò lábẹ́ ààbò orí 137. Lójú tèmi, ẹ̀sùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù tí àwọn ará ẹ́sítéètì máa ń ní nìyẹn, òun sì ni wọn kì í mú wá, nítorí pé ẹ̀sùn fífín ni wọ́n ń fi gbogbo ẹnu rò.

Bó bá jẹ́ pé orí ibi tí ilé pọ̀ sí gan-an ni iṣẹ́ náà ti máa wáyé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìlú náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún aráàlú, FAA sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ètò iṣẹ́ náà. Ibi tí wàhálà wà ni pé òfin kò sọ iye ilé tó ń sọ ibì kan di ibi tí ilé pọ̀ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Oko tó wà nínú igbó lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè ti ní ilé igba létí rẹ̀ lónìí, kí àgbẹ̀ àti awakọ̀ sì ṣì máa fi ojú àná wò ó. Bó ṣe rí ní gbogbo gúúsù Houston báyìí nìyẹn, n kò sì rò pé àwọn tó ń ta ilé fún wa ń ṣe wá dáadáa bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò oko aláwọ̀ ewé polówó láìsọ ohun tí ń fò lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí afẹ́fẹ́ tí mo ní kí ẹ máa wò. Ẹ̀kán oògùn kì í ṣe bákan náà. Èyí tó nípọn tó irun orí, nǹkan bíi 100 micron, máa ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 10 kó tó bọ́ sílẹ̀ láti gíga ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí afẹ́fẹ́ bá rọra ń lọ ní máìlì 3 ní wákàtí, á ti rìn tó ẹsẹ̀ bàtà 44 kó tó balẹ̀. Èyí tó jẹ́ 20 micron, tí ojú lásán kò lè rí, á wà lókè fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀, á sì rìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,100. Nítorí náà, iṣẹ́ awakọ̀ àti ti àwa tí ń tún bàlúù ṣe ni kí ẹ̀kán tóbi, kí ẹnu ìfín má jò, kí pàìpù má sì gùn dé ìkangun apá bàlúù, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń lọ́ bí ìjì níbẹ̀ máa ń ká ẹ̀kán sókè. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara gálọ́ọ̀nù oògùn ló máa ń sọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n lè fín in sí àti bó ṣe yẹ kó jìnnà tó sí ohun tó lè bàjẹ́. Ìwé yẹn kì í ṣe ìmọ̀ràn. Òfin ni, ẹni tó bá sì rú u ti rú òfin ìjọba àpapọ̀.

Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá lè burú ju èyí tó ń fẹ́ díẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó yọ, afẹ́fẹ́ tútù máa ń sùn sílẹ̀, èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á sì bò ó mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní lọ sókè, kò ní tètè balẹ̀. Á máa rìn gbéregbère gba ibi tó dà sí, bó bá wá di ìgbà tí oòrùn ràn, á jókòó síbi tó bá dé. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún. Awakọ̀ wa ti fò lẹ́ẹ̀kan, ó tu èéfín, èéfín náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí oko bí aṣọ tí wọ́n sá, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Ó padà wá, ó ní òun máa dúró di aago mẹ́jọ. Ọ̀gá wa ní oko mẹ́rin ló ń dúró, kó lọ. Ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìyá àgbàlagbà kan gbé ike ewé tòmátò àti ewé àjàrà wá sí pápá wa, gbogbo rẹ̀ lọ́ bí okùn, ilé rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì máìlì sí oko tí a fín. Ọ̀gá wa sọ fún un pé oòrùn ló pa á. Èmi ni mo wọn ẹnu ìfín bàlúù yẹn lọ́sẹ̀ náà, mo wà níbẹ̀, n kò sì sọ̀rọ̀. Ìdí kan tí mo fi ń dá irú ìbéèrè yín lóhùn báyìí nìyẹn.

Síbẹ̀, n kò ní fi ìtàn yẹn dá ẹjọ́ tòmátò tiyín. Ẹ lọ wo ewé rẹ̀ dáadáa. Bí oògùn koríko irú 2,4-D bá kàn án, ewé tuntun orí rẹ̀ ni á kọ́kọ́ bàjẹ́: á tín-ín-rín, iṣan rẹ̀ á tò sún mọ́ra, igi rẹ̀ á lọ́. Àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn tí ewé wọn fẹ̀, bí ewédú, ilá àti ewúro, á fi nǹkan hàn pẹ̀lú, apá tó kọjú sí oko á sì burú ju apá tó kọjú sí ilé lọ. Koríko inú ọgbà kò ní ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ ló ká sókè bí agolo, tó le gbagidi, tí orí rẹ̀ sì dára, ooru Houston ni. Bó bá jẹ́ tòmátò nìkan ló ká, tí ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ létí, tí kòkòrò funfun kéékèèké sì ń fò bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, àrùn tí kòkòrò yẹn ń gbé kiri ni. Ẹ sì bi bàbá àwọn ìbejì léèrè ohun tó fọ́n sí koríko iwájú ilé láìpẹ́ yìí. Mo sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, àmọ́ 2,4-D kan náà ló wà nínú púpọ̀ nínú oògùn tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù fún koríko ilé, mo ti rí ibi tí ọ̀tá tí à ń wá lókè ti wà nínú garáàjì wa.

Ikọ́ àwọn ọmọ kọjá ìmọ̀ mi. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí ìrẹsì lásìkò yìí lè rin èèyàn lọ́fun àti nímú bó bá kàn án, àmọ́ ikọ́ tó ti di ọ̀sẹ̀ kan lè ní ìdí tó yàtọ̀ pátápátá. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà wọn, kí ẹ sọ ọjọ́ àti aago tí bàlúù fín, kí ẹ sì gbìyànjú láti mú orúkọ oògùn náà dání, nítorí dókítà tó mọ orúkọ oògùn á mọ ohun tó ń wá. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó ta sí wọn lára lójú yín, ẹ bọ́ aṣọ wọn, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ wọ́n, ẹ pe 1-800-222-1222 tí wọ́n ń dáhùn tọ̀sán tòru lórí ọ̀rọ̀ májèlé. Bí ọmọ kò bá lè mí dáadáa, 911 ni.

Àbúrò yín tó wà ní London kò parọ́. Láti 2009 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de fífi bàlúù fín oògùn, àfi níbi tí wọ́n bá fún èèyàn láṣẹ pàtàkì, Britain sì wà lábẹ́ òfin náà nígbà yẹn, kò sì tíì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò. Ní Brazil, wọ́n ń fín in lọ ràì, àmọ́ ìlànà kan tí wọ́n gbé jáde ní 2008 sọ pé ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìlú àti abúlé ní mítà 500, kó sì jìnnà sí ilé tó dá dúró ní mítà 250. Ìpínlẹ̀ Ceará tilẹ̀ fòfin dè é pátápátá ní 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórílẹ̀-èdè náà sì ní ó tọ́ ní 2023. Texas kò ní irú iye kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè nà sí ẹnikẹ́ni lójú. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni ìlànà EPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tún ṣe ní 2024: bí bàlúù bá ń fín oògùn, tí ẹnikẹ́ni bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 100 sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ dúró títí ẹni náà á fi kúrò níbẹ̀, kódà bí ẹni náà bá wà lẹ́yìn ọgbà tirẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn ìbejì bá ń ṣeré létí fẹ́ǹsì, awakọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ onílé ni kò mọ̀ ọ́n.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Èmi ì bá kọ́kọ́ lọ bá àgbẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ojo, àmọ́ ohun tí mo fojú rí nìyẹn. Ní pápá wa, ọkùnrin kan wà tó ń sin oyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko òwú. Ó wá kí wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fi máàpù hàn wá, ó fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀. Láti ìgbà náà, àmì pupa wà lórí ibẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí awakọ̀ fi ń mọ ọ̀nà, a sì máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kò sí òfin tó ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún àgbẹ̀ náà pé ọmọ kékeré wà nílé, ẹ ní kó máa fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ kí bàlúù tó dé, ẹ béèrè orúkọ oògùn tó ń lò, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n máa fi ẹ̀gbẹ́ tó kángun sí yín sílẹ̀ di ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń lọ sí apá kejì. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ni oko, ìwé owó orí ilẹ̀ ní kọ́ńtì yín wà ní gbangba. Ó lè kọ̀ o. Bó bá kọ̀, ẹ kò pàdánù nǹkan kan.

Bó bá wá di pé oògùn kàn yín tàbí kàn ọgbà yín ní ti gidi, Texas Department of Agriculture lẹ máa pe, kí ẹ sì pè wọ́n lọ́jọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì, nítorí àwọn ni wọ́n máa wá gé ewé lọ fún àyẹ̀wò, oògùn mìíràn kì í sì í pẹ́ kó tó parẹ́ lára ewé. Ẹ má fọ ohunkóhun kí wọ́n tó dé, yàtọ̀ sí ara àwọn ọmọ. Aṣọ tó kàn, inú ọ̀rá ni kí ẹ so ó sí. Ọ̀rọ̀ nípa bí ó ṣe fò, FAA ni, ọ́fíìsì wọn kan sì wà ní Houston. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N lára bàlúù náà ṣe pàtàkì ju gbogbo àlàyé lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọjọ́, aago, apá tó ti wá àti fídíò tí ẹ dúró sílẹ̀ yà, tí òrùlé ilé tàbí òpó iná hàn nínú rẹ̀ kí wọ́n lè fi díwọ̀n gíga. Ẹ mọ̀ dájú pé bí wọ́n bá tilẹ̀ bu owó ìtanràn lé ẹni tó ṣẹ̀, àpò ìjọba ló ń lọ, kò ní sọ tòmátò yín dọ̀tun. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìbàjẹ́ á lọ sí kóòtù. Ní ti pé kí ilé ẹjọ́ dá àgbẹ̀ dúró nítorí ariwo àti ìdààmú lásán, ẹ má náwó lé e: òfin Texas ń dáàbò bo oko tó ti ń ṣiṣẹ́ bófin mu fún ọdún kan ó lé kúrò lọ́wọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn olùdìbò sì tún kọ ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ní 2023. Oko ló bá yín níbẹ̀ àbí ẹ̀yin lẹ bá a? Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.

Ìmọ̀ràn aládùúgbò yín, ẹ má gbọ́ ọ. Títan lésà sí bàlúù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, ó lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, ká má tíì sọ ti ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì parí. Dúróònù náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọkọ yín. Òfin ní kí dúróònù yà fún bàlúù tó gbé èèyàn, ẹni tó sì ń fò ní gíga òrùlé kò ní rí nǹkan tó tóbi tó àwo ìjẹun títí tó máa fi gbá gíláàsì iwájú rẹ̀. Bí ó bá já, ibi tó máa já sí kò jìnnà sí ibi tí àwọn ìbejì ń sùn.

Fún ìgbà tí a ṣì wà yìí, bí ẹ bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ àti ohun ìṣeré wọn wọlé, ẹ ká aṣọ tí ẹ sá, ẹ ti fèrèsé, kí ẹ sì dúró tó wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn tó bá lọ. Ẹ̀fọ́ tí ẹ mọ̀ pé oògùn kàn, ẹ má sè é jẹ, kódà bí ẹ bá fọ̀ ọ́. Ẹ dúró kí àwọn tó ṣe àyẹ̀wò sọ ohun tó wà lára rẹ̀. Wọ́n máa kórè ìrẹsì yẹn láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ, àmọ́ ẹ má rò pé ó ti parí, nítorí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ agbègbè yín máa ń da omi padà sórí kùkùté rẹ̀ kó lè tún so lẹ́ẹ̀kejì, bàlúù á sì padà wá gbé yúríà fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ń dákẹ́ títí di oṣù kẹta. Bí ẹ kò bá rí àgbẹ̀ náà bá sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ ni kí ẹ lọ, nígbà tí kò tíì bá awakọ̀ kankan dá ọjọ́.